Ọjọ́ Tí Mo Fọ Ẹ̀rọ Kọfí

Nínú ilé wa ní Bẹẹrẹ, ẹ̀rọ Màmá Àgbà ló ń jí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìró rẹ̀ á ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ku-ku-ku-ku, páànù orí ilé á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń fi í lọ ata, àgbàdo, ẹ̀wà àti èlùbọ́ fún gbogbo àdúgbò nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì níwájú ilé wa, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ orúkọ wọn mọ́, Ìyá Ẹlẹ́rọ ni wọ́n mọ̀. Ìró yẹn kì í ṣe ariwo létí mi. Bí mo bá jí tí n kò gbọ́ ọ, àyà mi á kọ́kọ́ já, n óò rò pé nǹkan ti ṣe Màmá Àgbà, n óò sáré jáde láìfọ ẹnu, n óò sì bá wọn lórí àpótí, níbi tí wọ́n ti ń fi òróró sí ẹ̀rọ jẹ́jẹ́. "Kí ló ń lé ọ, Àjíkẹ́?" "Kò sí, mà." Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Mo máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ tètè ṣe nǹkan kan kó má baà ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ìwà burúkú ló sún mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ìfẹ́ ni, pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Iṣẹ́ tèmi nídìí ẹ̀rọ, bí mo bá ti dé láti iléèwé, ni omi. Bí ẹnì kan bá lọ ata tán, tí ẹni tó tẹ̀ lé e sì gbé àgbàdo ògì sílẹ̀, èmi ni mo máa ń bu omi sí ẹnu ẹ̀rọ, kọ́ọ̀bù kan, kọ́ọ̀bù méjì, títí omi tó ń jáde nísàlẹ̀ á fi mọ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ògì tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ ọwọ́ á máa ta á lẹ́nu, ìyá ọmọ á sì padà wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ilé wa. "Ta ló ń jẹ ata nínú ògì?" ni Màmá Àgbà máa ń bi mí bí mo bá fẹ́ fi kọ́ọ̀bù kan péré tàn wọ́n jẹ. Mo ní kọ́ọ̀bù onírọ́bà pupa kan tí màmá mi kọ orúkọ mi sí nídìí nítorí iléèwé, òun náà ni mo fi ń bu omi yìí. Iṣẹ́ tí Màmá Àgbà kì í gbé fún ẹnikẹ́ni ni ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fún un, àwo irin eléyín méjì tó wà nínú rẹ̀ á súnmọ́ ara wọn, ohun tí à ń lọ̀ á kúná. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, á jáde ní hóró-hóró. Wọn kì í wò ó. Wọ́n á mú ìyẹ̀fun díẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n á máa rìn ín síra wọn, wọ́n á sì máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé kejì lọ, títí ọwọ́ wọn á fi sọ fún wọn pé ó ti tó. Nígbà yẹn mo rò pé gbogbo màmá àgbà ayé ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́dún náà ni Àǹtí Bùsáyọ̀, àbíkẹ́yìn Màmá Àgbà, kó dé láti Èkó. Òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń po kọfí fún àwọn àlejò ti kógbá sílé, ó sì ra ẹ̀rọ méjì lára èyí tí wọ́n ń tà: èyí tó ń lọ kọfí àti èyí tó ń pò ó. Ó to méjèèjì sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá tèmi. Mo gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí pé, "Kí lò ń rò?" tó sì máa dúró gbọ́ èsì. Bó bá ń di irun mi, mo lè sọ fún un pé mò ń bẹ̀rù pé òrùlé gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan kó wá bá wa nísàlẹ̀, kò sì ní rẹ́rìn-ín, á ní, "Á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè kọjá. A ó ti sá." Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ òun àti Màmá Àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara mi tutù. Ìyáàfin kan tó ń bójú tó ilé oúnjẹ ọ́fíìsì kan ní Agodi ti ṣèlérí pé òun á wá tọ́ kọfí náà wò lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá dùn mọ́ ọn, á fún Àǹtí ní igun kan níbẹ̀ láti máa tà. "Bí kò bá bọ́ sí i, Màmá, Èkó náà ni n óò padà sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi rí iṣẹ́." Màmá Àgbà pòṣé. "Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tó ń bọ́ ilé yìí kí wọ́n tó bí ọ. Kò wù ọ́. O wá lọ gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe èyí tó ń lọ kọfí ní Ọmọ Ẹ̀rọ, tìfẹ́ tẹ̀gàn.

Oríṣi kọfí méjì ni Àǹtí fẹ́ máa tà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀, tó ń sun sínú ife tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹsipurẹ́sò ni Àǹtí ń pè é, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà sọ ọ́ ní Kékeré nítorí ife rẹ̀. Èkejì, Àǹtí máa ń tẹ́ bébà sínú àrọ, á da kọfí sí i, á wá máa fi kẹ́tù da omi lé e lórí yíká yíká, kó máa ro sínú ìgò fúnra rẹ̀. Màmá Àgbà pe ìyẹn ní Alásẹ́, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti sísẹ́ ògì. Ohun tó ń pa Àǹtí lẹ́kún ni pé bí a ṣe ń lọ ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń lọ èkejì, bí ojú ọjọ́ bá sì yí padà báyìí, ohun tó dùn lánàá á bàjẹ́ lónìí. Bí ti Kékeré bá kúná jù, omi á máa jà kò ní lè kọjá, á máa ro lẹ́yọ lẹ́yọ, á korò bí ewúro. Bí kò bá kúná tó, omi á sáré gba inú rẹ̀, á jáde rúsúrúsú bí omi tíì, á kan lẹ́nu. Ó ní kí ife tó tó bó ṣe yẹ, ó yẹ kí a ka nǹkan bí ẹẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n. Èmi ló ń kà á. Mo máa dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Ení, èjì, ẹ̀ta," bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ níwájú kíláàsì. Lọ́jọ́ kan mo ka ẹ̀tàlá, ife ti kún. Àǹtí fún ẹ̀rọ náà, ó lọ òmíràn, mo sì kà títí dé àádọ́ta, ìdí ife ṣì ń hàn. Ó da gbogbo rẹ̀ sí ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé. Màmá Àgbà ké láti ṣọ́ọ̀bù, "Ìbẹ́pẹ yẹn ò ní lè sùn mọ́ o! Bùsáyọ̀, ó ti fún jù. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Màmá, kọfí nìyí, kì í ṣe èlùbọ́."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èlùbọ́. Èlùbọ́ wo ló korò báyìí?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé Àǹtí kò dẹ̀ ẹ́, nítorí ìyá rẹ̀ ló ní kó dẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò nídìí rẹ̀. Àpò kọfí tó kó bọ̀ láti Èkó ń rọ, ojú rẹ̀ náà ń rọ. Lọ́jọ́bọ̀, mo ka ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n, kọfí sun bí oyin, orí rẹ̀ ní ìfófòó pupa, Àǹtí sì pariwo débi pé oníbàárà kan da ata rẹ̀ nù ní ṣọ́ọ̀bù. Lójú ẹsẹ̀ ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ògiri: Kékeré, méje. Alásẹ́, méjìdínlógún. Nọ́ńbà tó wà lára Ọmọ Ẹ̀rọ ni, ibi tí a ó máa yí i sí. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, mo rò pé nọ́ńbà méjì yẹn ti de Àǹtí mọ́lẹ̀ nílé wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí lọ sí Gbági láti ra aṣọ tí yóò tẹ́ sórí tábìlì de àlejò. Nígbà tí mo dé láti iléèwé, Màmá Àgbà ń lọ èlùbọ́ fún ẹnì kan, ara wọn funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Mo lọ wo Ọmọ Ẹ̀rọ. Kọfí àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán. Lọ́la, wọ́n á lọ kọfí tuntun lé èyí tó ti sùn lórí, àlejò á tọ́ ọ wò, á bá adùn àná nínú rẹ̀, á ní kò dára, Àǹtí á kó ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó, ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an. Mo sì mọ ohun tí à ń ṣe nílé wa bí ẹ̀rọ bá dọ̀tí. Mo bu omi kún kọ́ọ̀bù pupa mi, mo dà á sí i lẹ́nu. Mo dúró kí omi mímọ́ jáde nísàlẹ̀. Kò jáde. Mo da kọ́ọ̀bù kejì sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó hu lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n, ẹrẹ̀ dúdú kan yọ orí díẹ̀, ó sì dákẹ́. N kò lè ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún yín. Ẹ̀rọ Màmá Àgbà ń lọ níwájú ilé, ṣùgbọ́n èyí tó dákẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo fi aṣọ bò ó bí ẹni tó ń bo òkú, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Àǹtí dé tó ṣí aṣọ. "Ta ló da omi sí ẹ̀rọ mi?" Kò tíì pariwo bẹ́ẹ̀ rí nílé wa. Ẹ̀rọ iwájú dákẹ́, Màmá Àgbà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ funfun. Wọ́n wo orí tábìlì, wọ́n wo ilẹ̀ tó tutù, wọ́n wo ilẹ̀kùn tí mo sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin níbi àlàfo ilẹ̀kùn.

"Èmi ni," Màmá Àgbà wí.

"Ẹ̀yin, Màmá?"

"Èmi ni. Mo rí i pé ó dọ̀tí. Ṣebí bí a ṣe ń fọ ẹ̀rọ nìyẹn."

"Ẹ ò bi mí! Gbígbẹ ni wọ́n ń lọ kọfí, omi ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀!" Ohùn Àǹtí ti ń ya. "Látọjọ́ tí mo ti gbé e dé ni ẹ ti ń bú u. Bí ẹ ò bá fẹ́ mi nílé, ẹ lé mi, ó sàn ju kí ẹ bà á jẹ́ lọ."

Mo la ẹnu mi, Ọlọ́run mọ̀ pé mo là á, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Mo ti ronú lé ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ṣe ronú lé ìdánwò èyíkéyìí lọ. Mo rò pé bí Àǹtí bá mọ̀ pé èmi ni, kò ní bi mí mọ́ pé kí ni mò ń rò. Ìmọ̀tara-ẹni-nìkan ọmọdé ni, ó sì ń tì mí lójú títí di òní, nítorí mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ba ìyá arúgbó lára, mo sì dákẹ́. Àǹtí wọ yàrá wa. Mo gbọ́ síìpù àpò rẹ̀.

"Àjíkẹ́," Màmá Àgbà pè mí, jẹ́jẹ́, "gbé àpótí sípánà mi wá." Wọ́n tú orí Ọmọ Ẹ̀rọ bí ẹni tó ń bọ́ fìlà lórí ọmọ tó sùn. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí àwo irin eléyín méjì, kékeré, tó mú, tí ẹrẹ̀ kọfí dí gbogbo àárín rẹ̀. "Wò ó. Ọmọ ẹ̀rọ tèmi ni lóòótọ́." Wọ́n fi ìka wọ inú rẹ̀. "Ẹrẹ̀ yìí ló dá omi dúró, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ó ṣe é ní oore." Wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, wọ́n ní kí n gbọn eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Nígbà tí mo ń ṣe é lọ́wọ́, tí omijé ń kán sórí ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, láìwò mí, "Má sunkún sí i lórí. Omi náà nìyẹn."

Lárọ̀ Sátidé, a sá gbogbo rẹ̀ sórí tíréè nínú oòrùn, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Àǹtí jáde pẹ̀lú ojú wíwú. Màmá Àgbà ti to ẹ̀rọ náà padà. "Ó máa ṣiṣẹ́," wọ́n ní. "Kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, Màmá. Bí a bá ti tú orí rẹ̀, nọ́ńbà ara ògiri yẹn ti di irọ́. Kọfí tó sì kù kò ju ẹ̀kún kọ́ọ̀bù kan." "Aago mélòó ni àlejò rẹ ń bọ̀?" "Bó bá ra ọjà tán l'Ọ́jà'ba. Aago méjìlá." "Jókòó nígbà náà. Tan án, má da nǹkan sí i. Máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí o sì pa ẹnu mọ́." Àǹtí fún un. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń kùn, lójijì ló ní ṣíín, tínrín bí ohùn ẹ̀fọn. "Dúró! Eyín ti kan eyín. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kí o ti máa kà, má wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Dẹ̀ ẹ́ wàyí." Wọ́n bi í pé báwo ni omi ṣe ń pẹ́ tó nínú Kékeré, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó nínú Alásẹ́, Àǹtí sì dáhùn bí ọmọ iléèwé. Wọ́n lọ díẹ̀, wọ́n rìn ín láàárín ìka. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àkọ́kọ́ kọjá ogójì, kò tíì kún. A dẹ̀ ẹ́. Èkejì, mo ka ẹ̀rìndínlógún péré. "O ti dẹ̀ ẹ́ jù, ìkánjú ni tìrẹ," Màmá Àgbà wí, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn lé ọwọ́ Àǹtí, wọ́n jọ yí i padà bí ìbú hóró ìrẹsì kan. Mo ka ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n. Ó sun bí oyin. Àǹtí kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, èlùbọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àlejò dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja, obìnrin gìdìgbà kan tí ẹ̀rín rẹ̀ dé yàrá ṣáájú rẹ̀. Ó tọ́ Kékeré wò, ó sì fajú ro. "Háà! Bùsáyọ̀, ṣé oògùn ibà ni? Àwọn ará ọ́fíìsì wa á ní mo fẹ́ pa àwọn." Mo wo Àǹtí, mo wo àpò ẹrù tó ti dì. Kọfí tó kù nílẹ̀ kò kún ọwọ́ kan. Màmá Àgbà kò bẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ń dẹ ẹ̀rọ. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n mú díẹ̀ síka, wọ́n dẹ̀ ẹ́ sí i, ó wá jáde bí iyẹ̀pẹ̀ etí odò. "Ẹ fara balẹ̀, ìyáàfin. Ẹ̀gbọ́n ni èyí tẹ́ ẹ mu yẹn, ó le díẹ̀. Ẹ pàdé àbúrò rẹ̀." Bí Àǹtí ṣe ń da omi, mò ń kà fún un lábẹ́ èémí, kó lè ní ohun tí yóò dì mú. Obìnrin náà mu Alásẹ́, ó mu ún tán, ó na ife padà. "Ó kù?"

"Ó ti tán, mà."

"Ó ti tán kẹ̀? Kó o tètè dé lọ́jọ́ Ajé, kí o má sì jẹ́ kó tán. Àti oògùn yẹn náà, gbé e dání. Ọ̀gá wa kan wà tó ń sùn nídìí iṣẹ́." Mo sáré wọ yàrá, mo tú ẹrù Àǹtí sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó lè yí ọkàn padà.

Mo ti kàwé gboyè báyìí, mo ti sìnrú ìlú, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí n kò lè ka iye wọn mọ́, kò sì tíì sí èsì. Ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bùsáyọ̀ ní Agodi ni mo wà. Èmi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe láràárọ̀, torí pé ọyẹ́ àti òjò kì í jẹ́ kó dúró síbì kan, èyí sì máa ń tù mí nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ: nǹkan kan wà láyé tí mo lè yí díẹ̀ kó sì dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣàdédé gbọ́ ẹnu ara mi. "Àǹtí, èmi ni mo da omi sí i lọ́jọ́ yẹn." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo mọ̀. Kọ́ọ̀bù pupa rẹ wà lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni mo rí i. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n ní ọmọ yẹn ti ń bẹ̀rù jù, bí a bá pariwo lé e lórí, kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan mọ́ láyé rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí Bẹẹrẹ. Màmá Àgbà kò lọ nǹkan mọ́. Ìró ẹ̀rọ ti gba etí wọn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á pariwo. Mo kúnlẹ̀ nídìí àga wọn, mo ké e jáde débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé: "Màmá, èmi ni mo da omi sí Ọmọ Ẹ̀rọ! Ẹ jọ̀ọ́, mà!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?" "Ó ń ṣiṣẹ́, mà!" Wọ́n mi orí pé ó dára. Wọ́n fa ọwọ́ mi mọ́ra, kọfí òwúrọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, wọ́n sì rin èyí tó wà ní orí ìka mi láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, pẹ̀lú ojú dídì.

"Kékeré lèyí àbí Alásẹ́?"

"Kékeré ni, mà!"

"Ó ti kúná jù. Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Lárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ìbú hóró ìrẹsì kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.